Òkun Inú Gíláàsì ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ẹni tó bá sọ fún yín pé etí òkun ni Èkó wà kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó ti gbé Ẹ̀gbẹ́dá rí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé tí mo gbà, mo dúró, mo tẹ́tí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́. Ọmọ kan ń sunkún, ẹnì kan sì ń wàásù nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo bi obìnrin kan tó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga pé apá ibo ni òkun wà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ọdún kejìlá òun rèé ní àdúgbò yẹn, òun ò tíì fojú kan òkun rí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òtítọ́ ló ń sọ.

Ibi tí wọ́n bí mi sí, níbi tí Kútọnu ti fẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀yìnkùlé wa ni òkun wà. Ará Kétu ni bàbá mi, ará Kétu ni ìyá mi náà, iṣẹ́ ló gbé wọn dé etíkun kí wọ́n tó bí wa. Bàbá mi kú nígbà tí mo kéré, ẹja yíyan sì ni ìyá mi fi tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ní ilé wa, a kì í sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ wo òkun, bí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ wo ògiri. Ariwo rẹ̀ ló ń gbé wa sùn, òun náà ló ń jí wa. Ìgbà tí mo dé ibi tí kò sí ni mo tó mọ̀ pé mo ti ní nǹkan rí.

Bí mo ṣe dé Èkó kì í ṣe ìtàn. Mo wọ mọ́tò, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí orúkọ mi fi sọnù. Kútọnu ni gbogbo ilé ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi á ní Àǹtí Kútọnu. Wọ́n máa ń ní kí n sọ Faransé fún àwọn, èmi náà á sì máa ka ohun tó wà lọ́jà fún wọn, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, kánáfùrù, wọ́n á ní ó dùn létí, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nílé, èmi ni wọ́n ń pè ní ará Nàìjíríà, nítorí pé mo fẹ́ràn fíìmù Yorùbá jù. Mo wá dé Nàìjíríà tán, mo di ará Kútọnu.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń burú jù. Gbogbo ará ilé ló ní ibi tí wọ́n ń lọ. Onílé wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sọ́ọ̀ṣì, á ti wọ sùtánà funfun rẹ̀, á fẹsẹ̀ lásán jáde bí ìjọ wọn ti ń ṣe. Àwọn tó wà lókè á lọ sípàdé ará ìlú wọn. Èmi á jókòó ti fóònù. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń rojọ́ púpọ̀ lórí fóònù. Á bi mí bóyá mo ti jẹun, á ní kí n dúró, á wá gbé fóònù rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí n lè gbọ́ òkun.

"Ṣé o ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ, Mà."

Àwa méjèèjì á dákẹ́, òkun á máa sọ tirẹ̀. N kò mọ̀ pé mò ń ka ìṣísẹ̀ ìyá mi láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi, àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ariwo tó dé. Lọ́dún kejì, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkun ti jẹ igi àgbọn méjèèjì, ó ti jẹ ààrò tí a fi ń yan ẹja, ó ti jẹ ògiri ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá mo ń gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé kò tíì dìde lórí àga rẹ̀.

Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó kọ̀. Ó ti gbìyànjú ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi rí ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó jìnnà réré sí etíkun, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Kò tú àpò rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ lò, á fọwọ́ wá a jáde nínú àpò, á sì tún dì í padà. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé e kọ́ apá, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dákẹ́ jù, òun kò lè sùn níbi tí ilẹ̀ bá dákẹ́. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé, bí òkun bá ti gbé ilé lọ ńkọ́, ibo ni onílé ń rè?

Iṣẹ́ ló mú mi pàdé omi iyọ̀ padà. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní Bọ̀dá Lékan ní ìsọ̀ kan nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Ẹja ọ̀ṣọ́ ló ń tà, àwọn ẹja pupa kéékèèké tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì, ó sì máa ń lọ tún táńkì ṣe nílé àwọn tó bá rà á. Ó ń wá ẹni tí á máa bá a fọ táńkì. Mo ní mo mọ ẹja dáadáa. Ó bi mí pé ẹja wo, mo ní èyí tí a ń yan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, ó sì gbà mí síṣẹ́.

Oníbàárà rẹ̀ kan wà ní Gowon Estate, bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì. Òun nìkan ló ń sin ẹja inú omi òkun. Ibẹ̀ ni mo ti rí iyùn tó wà láàyè. Gbogbo wa la mọ iyùn lọ́rùn ìyàwó àti lọ́wọ́ ọba, ṣùgbọ́n ẹni kankan kò sọ fún mi rí pé ohun ẹlẹ́mìí ni, pé ó máa ń na ọwọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ jáde láti ara òkúta kí ó lè fi mú oúnjẹ nínú omi. Èmi ọmọ etíkun, Gowon Estate ni mo ti wá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Bọ̀dá Lékan kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ti ìka bọ omi náà, mo lá a. Omijé lé sí mi lójú. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní ata ló kó sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ata kankan nínú pálọ̀ náà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, bàbá yìí ń kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Ó ta táńkì ńlá, ó sì fún mi ní kékeré tó fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù rẹ̀, asẹ́ rẹ̀ àti iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tàn sórí rẹ̀. Ó pè mí jókòó, ó ní kí n fetí sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń kánjú ló ń pa ẹja. Ó ní ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di májèlé nínú omi. Nínú òkun gidi, àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tó ń gbé ara òkúta, ló ń jẹ májèlé yẹn. Àwọn kan á sọ ọ́ di májèlé mìíràn, àwọn kejì á sọ ìyẹn di ohun tí kò lè pani. Omi táńkì tuntun kò ní wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sin àwọn kòkòrò yìí, kí ó máa fún wọn ní ohun tó ń jẹrà jẹ, kí ó sì dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó pọ̀ tó. "Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún," ni bàbá náà sọ, "má kó ẹja sí i kí wọ́n tó dé."

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi táńkì náà ṣe kí n tó gbé e délé. Mo pe ìyá mi, mo ní kó máa bọ̀, òkun ti wà nínú ilé mi.

"Òkun wo nìyẹn?"

"Òkun gidi ni, Mà. Ó ń dún."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wá wò ó lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, bí ó bá sì jẹ́ irọ́ ni mo pa, ọjọ́ kẹta ni òun ń padà. N kò bi í pé ibo ló ń padà sí. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé yàrá kan ṣoṣo ló kù nínú ilé, pé omi ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí òkun bá kún, àti pé ìyá wa ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń sá ẹja sí ti tó òun sùn. Èmi nìkan ló kù tí kò tíì gbìyànjú láti dá a dúró sọ́dọ̀.

Ó kan ibi tí a ó ti rí omi. Bọ̀dá Lékan ní kí n ra iyọ̀ táńkì, kí n pò ó. Mo ní rárá, bí mo bá pe nǹkan ní òkun fún ìyá mi, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí mo pò. Mo lọ bá Ìyá Sọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé ọ̀nà Àjàṣẹ́, ní ìhà Kútọnu, ni mo gbà wá ló ti fẹ́ràn mi, nítorí ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ni ìjọ àwọn ti wá. Wọ́n máa ń lọ gbàdúrà létí òkun ní ọ̀nà Àgbádárìgì, wọ́n á sì bu omi wálé fún ìwẹ̀ àdúrà. Ó fún mi ní àyè nínú bọ́ọ̀sì wọn, kò bi mí ní ìdí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń wá omi òkun ti sọ ìdí rẹ̀ tán.

Bí a ṣe dé ibẹ̀, bí mo ṣe gbọ́ ọ, n kò mọ ìgbà tí mo sáré. Mo wọ inú omi tèmi ti aṣọ dé àyà, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, gbogbo ìjọ ti tò sétí omi nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ti dá orin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Ojú tì mí débi pé mo tún dúró sínú omi díẹ̀ sí i, kó má baà dà bíi pé ẹ̀mí náà tètè lọ.

Òkúta ni mo ní kí ìyá mi fi ránṣẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí ọmọ lọ sí Èkó kó máa tọrọ òkúta nílé. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àwọn òkúta tí wọ́n dà sétí omi láti fi dí òkun lọ́nà, nígbà tí omi fà, ó ṣa àwọn tí ewé òkun bò, ó fi àpò tútù wé wọn, ó sì kó wọn fún awakọ̀. Bí mo ṣe tú àpò náà ní Ẹ̀gbẹ́dá, òórùn ilé wa gba yàrá kan. Mo jókòó tì í, n kò tiẹ̀ tètè kó wọn sómi.

Mo to òkúta. Mo tan pọ́ǹpù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti inú asẹ́, ó ń dún ṣàà, ṣàà. Mo ra edé tútù kan ṣoṣo lọ́jà, mo jù ú sínú omi kó jẹrà, kí àwọn kòkòrò àìrí lè rí nǹkan jẹ. Kò sí ohun tó ya àwọn ará ilé lẹ́nu tó ìyẹn. Obìnrin kànga ní òun ti rí ẹni tó sun edé, òun ti rí ẹni tó fi se ọbẹ̀, òun kò rí ẹni tó ń fi edé ṣòfò bẹ́ẹ̀ nígbà tí edé wọ́n. Mo ra fáànù kékeré tó ń fẹ́ sórí omi nítorí ooru, mo ra pọ́ǹpù oníbátìrì fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Nítorí pé mo máa ń wà níbi iṣẹ́, mo fún Ìyá Sọ́ọ̀ṣì ní kọ́kọ́rọ́ mi, kó lè máa bá mi tan ti bátìrì.

Láràárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì yẹn, torí pé orí àpótí kúkurú ló wà. Màá bu omi rẹ̀ sínú ìgò kékeré, màá kán omi àyẹ̀wò sí i, màá gbé e sókè síná. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, májèlé wà níbẹ̀. Bí ó bá dúró ní yẹ́lò, kò sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ewé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ewé tó dúdú. Ìyá Sọ́ọ̀ṣì á yọjú, á rí mi lórí ìkúnlẹ̀, á ní ṣé ẹja ti dé. Màá ní kò tíì dé, Mà. Á mi orí, á rọra ti ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, eruku pupa kan bo gbogbo òkúta, inú mi sì dùn, nítorí bàbá Gowon Estate ti sọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo pe ìyá mi láti sọ fún un pé omi mi ti dọ̀tí. Ó kí mi kú oríire.

Lára ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà, ohun kan yọ tí kò ju èékánná lọ, ó dà bí òdòdó, ó ń na ìka rẹ̀ nínú omi. Mo sáré pe Bọ̀dá Lékan wá wò ó. Ó bojú wò ó, ó ní èpò ni, pé bí mo bá fi í sílẹ̀ á gba gbogbo táńkì, kí n fi abẹ́rẹ́ fa omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára kó kú. Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìyá mi dé, mo gbé ìgò sókè síná, ó dúró ní yẹ́lò. Mo tún un ṣe. Yẹ́lò ni. Mo jó nínú yàrá yẹn láìsí orin. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, mo ti pinnu pé Ajé ni màá ra ẹja méjì.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ òórùn lọ́fínńdà. Ìfófòó funfun ti kún bo ẹnu táńkì, ó ń ṣàn lọ sórí ilẹ̀, omi inú rẹ̀ ti rí bí omi ògì. Ìyá Sọ́ọ̀ṣì jókòó sórí àga mi nínú sùtánà rẹ̀, àbẹ́là kan ń jó níwájú rẹ̀, ìgò lọ́fínńdà òfìfo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní òun ti bá mi parí rẹ̀.

N kò fẹ́ tún gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà sọ. Mo ní ó ti pa á. Ó ní kí ni òun pa, ṣebí kò sí nǹkan kan nínú omi náà. Mo ní ẹ̀yin ará Èkó kò lè rí ohun ẹlòmíràn kí ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, inú ló ń bí mi. Ó fẹ́ àbẹ́là rẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí àga, ó sì jáde. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó ti gbó, ó sì sán, bíi ti ìyá mi.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ìfófòó. Ọdún mẹ́ta tí mo ti lò ní Èkó, n kò tíì sọ ọ́ síta pé ó sú mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn mo sọ ọ́ sókè, èmi nìkan. Mo ní kí ni mò ń wá níbi tí mo kàn ń ṣe bí ẹni tó wà nílé. Mo pe Bọ̀dá Lékan, mo ní kó wá gbé táńkì náà lọ, n kò ṣe mọ́. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, kí n yọ òkúta, kí n fi omi òkun tó mọ́ ṣan wọ́n, kí n da omi tó kù nù. Mo ní kò sí omi òkun tó mọ́. Ó ní ó dáa, òun ń bọ̀ lọ́la.

Ṣùgbọ́n kí Bọ̀dá Lékan tó dé, ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn. Ìyá Sọ́ọ̀ṣì ni, kò wọ sùtánà, ìró àti bùbá ló wọ̀, iyanrìn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí pèpéle. Ó ti bẹ awakọ̀ ìjọ wọn ní ìdájí, wọ́n ti lọ, wọ́n ti dé. Ọjọ́ Àìkú sì ni, ọjọ́ tí kò pa sọ́ọ̀ṣì jẹ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Kútọnu, gbà. Mi ò fi nǹkan kan sí i o," ó ní. "Àdúrà gan-an, mi ò gbà á sí i."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó fà mí dìde, ó jókòó, ó wá ń ṣàlàyé. Ó ní òun rí mi tí mo wọ òkun tèmi ti aṣọ. Òun rí mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú omi láràárọ̀, pẹ̀lú iná, mo ń gbé ìgò sókè. Òun sì rí i pé mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò lọ́mọ. Ìgò lọ́fínńdà yẹn, èyí tí wọ́n gbàdúrà sí fún ọmọ tòun fúnra rẹ̀ ni, tó fi dúró ọdún mẹ́sàn-án kó tó bí, òun ti tọ́jú èyí tó kù fún ẹni tí Ọlọ́run bá fi han òun.

"Mo rò pé ọmọ lò ń tọrọ," ó ní.

"Ìyá mi ni mò ń tọrọ, Mà."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilé tí òkun ń jẹ, àpò tí kò tú ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọjọ́ kẹta. Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó ní níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ fọ táńkì yẹn. Bọ̀dá Lékan kó èédú asẹ́ wá láti máa fa lọ́fínńdà tó kù. Nígbà tí mo ń ṣan àwọn òkúta, mo wá èpò kékeré yẹn, mo sì rí i, ó ti ká ara rẹ̀ jọ bí ẹni tí òtútù mú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún ti na ìka rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nílé, abẹ́rẹ́ wà nílé. Mo ní ohun tí lọ́fínńdà àdúrà kò pa, kì í ṣe èmi ló máa pa á.

Ṣùgbọ́n omi àyẹ̀wò ti padà sí àwọ̀ ewé. Àwọn kòkòrò wa tí kò kú kò pọ̀ tó mọ́, a ní láti tún dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè tó. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Bọ̀dá Lékan ní kí n ṣá kó ẹja méjì sí i kí Màmá lè rí nǹkan wò, bí wọ́n bá kú, òun á pààrọ̀ wọn. Ó fi inú rere sọ ọ́. Mo rò ó, n kò purọ́, mo rò ó gan-an. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ìyá mi ti ń di ẹja mú. Bí ẹja bá máa kú lọ́la, ó máa mọ̀ lónìí.

Ìyá mi dé ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú àpò kan. Ó ti rù ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó kí Ìyá Sọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ fún ara wọn títí mo fi ní kí wọ́n dìde. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé àpò lé itan. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo gíláàsì. Òkúta, omi, iná búlúù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo ní ẹja máa wà níbẹ̀ láìpẹ́, mo ní nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Sọ́ọ̀ṣì ń wo ilẹ̀.

Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè kí n dákẹ́. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó rìn lọ síbẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó lá a. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ pé. Ó tẹ̀ sí iwájú, ó ń wo àwọn òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ọmọ rẹ̀. Ó ní èyí ni òun yọ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀. Ó wá rí èpò yẹn. Ó fi ìka kàn án, èpò náà ká ara rẹ̀ jọ. Ìyá mi kò kúrò. Ó dúró síbẹ̀, ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí èpò náà fi tún rọra na ọwọ́ rẹ̀.

"Lẹ́yìn ilé wa nìyí ti wá," ó ní, "ó sì ti mọ ibí."

Ó padà sí àga rẹ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀ lé itan.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò tú àpò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá Ìyá Sọ́ọ̀ṣì ṣa ẹ̀wà, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ wẹ̀, inú àpò ló ti fọwọ́ wá ìró, ó sì tún dì í. Ọjọ́ Àìkú, tí í ṣe ọjọ́ kẹta, mo ṣe bí ẹni tí kò ka ọjọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mò ń fọ abọ́ níta nígbà tí wọ́n mú iná lọ, gbogbo ilé sì dákẹ́. Ohùn ìyá mi ni mo gbọ́ láti inú yàrá, ohùn ẹni tí wọ́n jí lójijì.

"Ẹ wá o, òkun ti dákẹ́."

Kí n tó nu ọwọ́ tán, Ìyá Sọ́ọ̀ṣì ti kọjá níwájú mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́ọ̀ṣì dé ni, kò tíì bọ́ sùtánà. Kọ́kọ́rọ́ mi ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Ó tan pọ́ǹpù oníbátìrì, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò lágbára tó ti iná, ṣùgbọ́n ó ń dún. Nígbà tí mo yọjú, ìyá mi ti yí padà sí ògiri, ó ti sùn. Ìyá Sọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́bàá táńkì, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò fẹ́ kí ìka òun kan nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ síbi iṣẹ́. N kò lè sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá Lékan ní mo da ẹja pupa mọ́ dúdú nínú táńkì kan náà. Ó dá mi sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo rìn láti ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ dé ilé, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i lórí okùn tí Ìyá Sọ́ọ̀ṣì ń sá sùtánà rẹ̀ sí. Àpò ìyá mi ni. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti yí inú rẹ̀ síta, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.